Kí á tó fi mọ́tò sílẹ̀ fún ẹni tó tà á



Ní ọdún 1975 ni iléeṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò pọ̀ ní ọ̀nà Badagry, ní Ọ̀jọ́ níbí. Ẹ́ńjìnnì Beetle kò ní rédíétọ̀. Afẹ́fẹ́ ni ń mú un tutù. Mẹkáníìkì ìdí igi lè fi etí lásán mọ àrùn rẹ̀. Mọ́tò asáré òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Tọ́bò rẹ̀ a máa gbóná gidigidi; bí ọ́ìlì rẹ̀ bá jẹ́ ayédèrú tàbí tí ó dín, kò ní pẹ́ bàjẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń gbé e padà fún ẹni tó tà á, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń ka àìsàn rẹ̀ wà.

Ṣùgbọ́n orúkọ ńlá nìkan kò tó í gbẹ́kẹ̀ lé. Ìwé ni ẹlẹ́rìí.

1. Ẹ gba ìwé iye owó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.
2. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ irú ọ́ìlì àti iye lítà rẹ̀ sílẹ̀.
3. Ẹ béèrè ẹ̀yà tí wọ́n yọ.
4. Ẹ wo ìwọ̀n ọ́ìlì kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún wa ní ẹ̀tọ́ sí ìwé àkọsílẹ̀ ohun tí a sanwó fún.

Ẹni tó fi owó tó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ra mọ́tò, kó rántí: ẹ́ńjìnnì lè kú, gbèsè kì í bá a kú.