Káún àti Ìyípadà Alọ-àbọ̀

Ní èdè Haúsá, ibùwọ̀ àwọn oníṣòwò arìnrìn-àjò ni zango. Láti ara rẹ̀ ni Zangouettin, àdúgbò kan ní Ouagadougou tí ìjọba wó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, ti gba orúkọ. Irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbé káún adágún Chad dé ilẹ̀ Yorùbá.

Nígbà kan, mo rò pé bí nǹkan méjì bá ti para pọ̀ di òmíràn, ó parí. Káún ni ó là mí lójú. Bí a bá da omi rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti calcium chloride, iyọ̀ àti ẹfun ni a óò rí. Ṣùgbọ́n ní Íjíbítì, lẹ́yìn ọdún 1798, Berthollet ará Faransé rí káún létí àwọn adágún oníyọ̀, lórí òkúta ẹfun. Ó pinnu pé ọ̀pọ̀ iyọ̀ ni ó yí iṣẹ́ náà sẹ́yìn.

Bí ìyára alọ bá dọ́gba pẹ̀lú ti àbọ̀, ojú yóò rò pé gbogbo rẹ̀ dúró. Kò dúró rárá. Ó dàbí ọjà tí iye ẹni tí ń wọlé bá ti ẹni tí ń jáde mu.

Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí káún lílọ̀: yóò hó kíákíá ju odindi lọ. Èyí kì í padà, nítorí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti sá lọ.