Oògùn Pé Nínú Ìgò, Síbẹ̀ Ó Lè Pa Ọmọ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ pè mí lórí fóònù. Ó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe oògùn olómi fún àwọn ọmọdé. Ó ní, "Prof, ẹ kú àárọ̀ sà. A ti yẹ paracetamol inú rẹ̀ wò, ó pé pérépéré. Ọ̀gá wa ní kí n buwọ́ lù ú kí ọkọ̀ máa kó o lọ. Ṣé kí n buwọ́ lù ú sà?" Mo ní kó dúró ná. Ìdí tí mo fi ní kó dúró ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin náà lónìí, torí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti oníkẹ́mísírì nìkan.

Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ ni oògùn rí. Hóró funfun méjì lè jọra bí ìbejì, kí ọ̀kan jẹ́ oògùn, kí èkejì jẹ́ ẹfun lásán. Láàbù ló lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀, àmọ́ láàbù náà kì í dáhùn ju ohun tí a bá bi í lọ. Ìbéèrè mẹ́rin ló yẹ ká bi í.

Àkọ́kọ́: kí ló wà níbẹ̀? Ẹ̀yin tí mo kọ́ ò ní gbàgbé àwo gíláàsì tí a fi lẹ́búlẹ́bú funfun bò lójú. A ó kán oògùn tí a fẹ́ yẹ̀ wò sórí rẹ̀, a ó kán ojúlówó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a ó wá ki ẹsẹ̀ àwo náà bọ omi kẹ́míkà díẹ̀. Omi yẹn á máa gun òkè bí kẹrosíìnì ṣe ń gun òwú fìtílà, á sì máa gbé oògùn lọ. Oògùn kọ̀ọ̀kan ní ibi tó ń gùn dé. Bí tiwa ò bá dúró níbi tí ojúlówó dúró sí, àṣírí ayédèrú tú nìyẹn.

Èkejì: ó tó mélòó? Hóró paracetamol tí wọ́n kọ 500 mílígíráàmù sí lára, ìwé British Pharmacopoeia ò gbà kó dín sí 475 tàbí kó ju 525 lọ. Ẹ̀rọ HPLC ló ń bá wa ka iye yẹn. Ẹ má fojú kékeré wo ìdínkù o. Oògùn ibà tó jẹ́ ìlàjì kì í pa kòkòrò tán, èyí tó bá sì ṣẹ́ kù á kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá oògùn jà.

Ẹ̀kẹta: ṣé á yọ́ nínú ikùn? A ó sọ hóró sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ bí ara èèyàn, 37°C, a ó máa rò ó, a ó sì wo iye tó yọ́ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Mo ti rí hóró tó pé ní mílígíráàmù ṣùgbọ́n tó le bí òkúta. Ẹni tó gbé e mì, òkúta ló gbé mì.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé: kí ló tún wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí oògùn?

Ẹ rántí My Pikin, oògùn eyín ọmọdé, ní ìparí ọdún 2008. Ọmọ 84 ló kú ní Nàìjíríà. Kì í ṣe ayédèrú tí ẹnì kan pò ní ẹ̀yìnkùlé. Ilé iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ ló ṣe é, paracetamol sì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Omi tí wọ́n fi pò ó ló ní májèlé. Paracetamol kì í fẹ́ yọ́ dáadáa nínú omi lásán, ìdí nìyẹn tí a fi ń lo propylene glycol, omi kíki kan tó dùn díẹ̀. Diethylene glycol jọ ọ́ gan-an: òun náà ki, òun náà dùn, òun náà ò ní àwọ̀, owó rẹ̀ sì kéré. Ṣùgbọ́n ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ọmọ á máa bì, tó bá yá, kò ní lè tọ̀ mọ́.

Amẹ́ríkà ti rí irú èyí ní 1937, nígbà tí Elixir Sulfanilamide, tí wọ́n fi omi yìí kan náà pò, pa èèyàn tó lé ní 100. Ìyẹn ló bí òfin oògùn tí wọ́n ṣe ní 1938. Síbẹ̀, ní 2022, ní Gáńbíà, ọmọ tó lé ní 60 tún kú, wọ́n sì bá májèlé yìí nínú oògùn ikọ́. Ẹ̀ẹ̀melòó la fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo?

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé àyẹ̀wò rẹ̀ kò ṣòro. Ẹ̀rọ gas chromatography máa ya omi méjèèjì sọ́tọ̀ kíákíá. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ni òpin ohun tí ìwé òfin oògùn Amẹ́ríkà gbà kó wà níbẹ̀. Àgbá kọ̀ọ̀kan ló yẹ ká yẹ̀ wò, ká tó po oògùn rárá.

Kóòdù tí ẹ ń họ lára páálí oògùn, tí ẹ fi ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́, dára, ẹ má dẹ́kun rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ṣe oògùn ló ń sọ fún yín. Kò lè sọ ohun tó bọ́ sínú àgbá. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá mu oògùn olómi tí kò wá tọ̀ mọ́, ẹ sáré gbé e lọ sí ọsibítù, ẹ sì mú ìgò náà dání. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jù ú nù. Òun ni láàbù máa yẹ̀ wò.

Mo wá bi ọmọ mi léèrè pé, "Àgbá propylene glycol tí ẹ lò ńkọ́, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?" Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Sà, ẹni tó tà á fún wa fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́." Mo ní ìwé kì í ṣe àyẹ̀wò. Ó ní inú máa bí ọ̀gá òun. Mo ní kó jẹ́ kí inú bí i.

Ó ti bu díẹ̀ nínú àgbá náà ránṣẹ́ sí láàbù tó ní ẹ̀rọ. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tíì buwọ́ lù ú.