Ọkọ̀ Tó Lè Gun Òkè Ẹ̀fọ̀n

Ẹni tó bá ti wakọ̀ láti Ẹ̀fọ̀n Aláayè gba Ìtawúrẹ́ dé Aràmọkọ mọ̀ pé òkè ibẹ̀ kì í ṣojúsàájú. Ẹ́ńjìnì tó ti rẹ̀ á gbóná lójú òkè, bíréèkì tí kò dára á tú àṣírí ara rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Kí ló wá ń mú kí ọkọ̀ ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé?

Ẹ jẹ́ ká wo Peugeot 504, tí wọ́n gbé jáde ní Faransé lọ́dún 1968. Ó ga nílẹ̀, ìdìmú táyà rẹ̀ rọ̀, kòtò kì í bà á lẹ́rù. Èyí tó gùn lẹ́yìn ló ń kó èrò àti ẹrù láti Ìjerò dé Ìbàdàn. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: mẹkáníìkì lè tú u palẹ̀ lábẹ́ igi, kó sì tò ó padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àmọ́ kì í ṣe irin rẹ̀ nìkan ló gbé e níyì. Ní 1975, iléeṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná. Lọ́dún yẹn kan náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó, tí wọ́n ń to èyí tí a ń pè ní Ìjàpá. Leyland náà wà n'Íbàdàn, ó ń to ọkọ̀ akẹ́rù. Nítorí pé ilé la ti ń tò wọ́n, ẹ̀yà ara wọn wà lọ́jà, àwọn mẹkáníìkì sì mọ̀ wọ́n bí ẹni mowó.

Kí ló wá dé? Títò la ń tò ó, a kò rọ ọ́. Inú àpótí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara ọkọ̀ ti ń wá láti òkè òkun. Irin tí à bá fi rọ ọ́ nílé, Ajaokuta ni à ń retí, wọn kò sì parí ibẹ̀ dòní. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1980, tí náírà sì wó lẹ́yìn ètò SAP ti 1986, owó òkè òkun tí wọ́n fi ń ra àpótí yẹn wọ́n. Ọkọ̀ tuntun kọjá agbára tíṣà, ni tòkúnbọ̀ bá gba Kùtọnu wọlé.

Ní 2013, ìjọba fi owó ibodè tó tó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún lé ọkọ̀ tuntun, kí àwọn tó ń tò ó nílé, bíi Innoson ní Nnewi, lè rọ́wọ́ mú. Kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n tún fi dín in kù. Ta ló fẹ́ kọ́ iléeṣẹ́ ńlá sórí òfin tí kì í dúró?

Kí ìjọba tó ṣe tiẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣe tiwa. Kí ẹ tó ra tòkúnbọ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá mẹkáníìkì àdúgbò yín mọ̀ ọ́n, àti bóyá ẹ̀yà ara rẹ̀ wà l'Ádó. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àkọlé DOT lára táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà tó ti gbó lè bẹ́ bó tilẹ̀ ń dán. Bí ẹ bá sì ń sọ̀ kalẹ̀ l'Ẹ́fọ̀n, jíà tí ẹ fi gùn ún ni kí ẹ fi sọ̀ ọ́. Bí ẹsẹ̀ kò bá kúrò lórí bíréèkì, bíréèkì á gbóná débi tí kò ní mú mọ́. Òkè yẹn kò mọ ọkọ̀ olówó yàtọ̀ sí ti tálákà.