Ẹ Má Ra Sítíkà: Bí A Ṣe Ń Yan Laptop fún Ọmọ Tó Ń Ta Chess

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìgàndó tí wọ́n ti ń ta laptop tòkunbọ̀. Bàbá kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ wọlé. Ọmọ náà ń ta chess nílé ìwé, olùkọ́ rẹ̀ sì ní kó máa fi Stockfish, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ta chess, yẹ ayò tó bá ta wò lálaalẹ́. Laptop méjì wà lórí káńtà: sítíkà Core i7 wà lára ọ̀kan, Core i5 wà lára èkejì. Kíá ni bàbá na ọwọ́ sí i7, nítorí pé méje ju márùn-ún lọ.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká wo inú ẹ̀ ná."

Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i7

i7-2620M ni ti àkọ́kọ́. Ọdún 2011 ló jáde, core méjì ló ní, 2.7 GHz ni wọ́n kọ sí i. i5-8250U ni èkejì, ti ọdún 2017: core mẹ́rin, 1.6 GHz. Ẹni tó bá wo GHz nìkan á ní èyí àtijọ́ ló yára jù. Bẹ́ẹ̀, bí iṣẹ́ bá le, àwọn méjèèjì ló lè sáré dé 3.4. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni iye core, nítorí Stockfish máa ń pín iṣẹ́ fún gbogbo core tí ẹ bá yọ̀ǹda fún un.

Nǹkan mìíràn tún wà tí sítíkà kì í sọ. AVX2 ni wọ́n ń pè é: òun ló ń jẹ́ kí processor ṣe ọ̀pọ̀ ìṣirò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún 2013 ni Intel bẹ̀rẹ̀ sí í fi sínú processor Core rẹ̀, nítorí náà i7 yẹn kò ní in. Nígbà tí a ki fláàṣì mi bọ̀ ọ́, Stockfish ẹ̀dà AVX2 kọ̀, kò ṣí rárá. Ọmọ ìṣọ́ọ̀bù rò pé fáírọ́ọ̀sì ni. Ẹ̀dà popcnt, tí kò nílò AVX2, la lò kó tó dáhùn.

Bench

Ọ̀fẹ́ ni Stockfish. Ẹ ṣí i, ẹ tẹ bench, ẹ tẹ Enter, kí ẹ ní sùúrù díẹ̀. Nísàlẹ̀, ẹ óò rí Nodes/second: iye ipò ayò tí ẹ̀rọ náà ń yẹ̀ wò ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Core kan ṣoṣo ni bench ń dán wò. Bí ẹ bá fẹ́ dán mẹ́rin wò, ẹ tẹ bench 16 4.

Stockfish ọdún kan náà ni kí ẹ fi wọn méjèèjì o. Láti Stockfish 12, tó jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, ó ti ń pẹ́ díẹ̀ sí i lórí ipò kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ó ń gbọ́n sí i. Ẹ̀dà àtijọ́ lè gbé nọ́ńbà ńlá jáde, kó má sì mọ ayò tó tuntun.

Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí eruku bá ti dí fáànù, laptop á gbóná, nọ́ńbà á sì wálẹ̀.

Ṣé dandan ni kó yára tó bẹ́ẹ̀?

Rárá. Lọ́dún 1997, kọ̀ǹpútà Deep Blue tó na Kasparov, ọ̀gá chess àgbáyé, ní New York ń wo nǹkan bíi mílíọ̀nù 200 ipò ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lọ́dún 2009, Pocket Fritz 4, ètò chess kan lórí fóònù, gba ipò kìíní nínú ìdíje Copa Mercosur ní Buenos Aires pẹ̀lú 9.5 nínú 10, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń wò kò tó 20,000. Ọgbọ́n inú ètò náà ló ṣe é. Bí owó kò bá tó, fóònù Android tó ní DroidFish tó ọmọdé í kọ́ chess. Pátákó àti ọmọ ayò náà ni Tunde Onakoya kó lọ bá àwọn ọmọ Májìdun ní Ìkòròdú, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ Chess in Slums Africa lọ́dún 2018.

Ọmọbìnrin yẹn fúnra rẹ̀ ló tẹ bench lórí méjèèjì. i5 fi i7 sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Bàbá rẹ̀ wo nọ́ńbà náà, ó ní: "Tí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́?" Ìbéèrè gidi nìyẹn ní Ìgàndó. A yọ ṣájà, ọmọ náà sì tún tẹ bench lórí bátìrì.