Àgbẹ̀dẹ Kọ̀ǹpútà: Níbi Tí Ayàwòrán-Ilé Ti Ń Gé Ohun Tó Yà

Wọ́n kọ ọ́ sára ṣíìtì pílàíwúùdù náà pé 18 mìlímítà ni nínípọn rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ gbà wọ́n gbọ́. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ya ihò tí pákó méjì yóò ti wọnú ara wọn, ó fún ihò náà ní 18 géérégé, ó sì fi àwòrán ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ tó ń gé pákó. Ẹ̀rọ gé e bí wọ́n ṣe ní kó gé e. Ìgbà tó wá ki pákó kan bọ èkejì ló rí i pé ó ń mì bí eyín arúgbó. Ló bá mú kálípà, ó wọn pákó fúnra rẹ̀: 17.5. Ìdajì mìlímítà péré ló dín, ṣùgbọ́n àga tí wọ́n bá fi irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ kàn, ẹ má gbé e fún àlejò.

Kọ̀ǹpútà ò ṣìṣe níbẹ̀, ẹ̀rọ náà ò sì ṣìṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ ni kò tíì mọ̀ pé ìlà ojú kọ̀ǹpútà kò nípọn, pákó ló nípọn. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán-ilé ló ti gboyè jáde láìkọ́ ẹ̀kọ́ yìí, torí pé ẹlòmíràn ló ń bá wọn fọwọ́ kan pákó. Láti nǹkan bí 20 ọdún sẹ́yìn ni irú ibùdó kan tí wọ́n ti ń kọ́ ọ ti ń tàn káyé. Fab lab ni wọ́n ń pè é, ó sì ti ju 1,000 lọ lágbàáyé.

Ohun tó wà nínú rẹ̀

Fab lab ní díẹ̀ lára ilé ẹ̀kọ́, ó ní díẹ̀ lára ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ṣùgbọ́n àgbẹ̀dẹ ló jọ jù. Ẹ̀rọ tí ẹ máa bá níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bákan náà níbi gbogbo: ẹ̀rọ lésà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbígbóná gé páálí, ike àti pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ̀rọ CNC ńlá tí ẹnu rẹ̀ ń yí bíi ti dírílì, tó lè gé odidi ṣíìtì pákó, ẹ̀rọ 3D tó ń yọ́ ike, tó ń tò ó léra ní ìpele-ìpele, ẹ̀rọ tó ń gé sítíkà, àti ẹ̀rọ kékeré tó ń gbẹ́ ojú ọ̀nà iná sára pátákó tí wọ́n ń lò nínú rédíò àti fóònù. Kọ̀ǹpútà ló ń darí gbogbo wọn. Bí ẹ bá ṣí fáìlì tí ẹ̀rọ CNC ń kà, àṣẹ kéékèèké ló kún ibẹ̀: G0 ní kí ẹnu ẹ̀rọ sáré lọ síbì kan láìgé nǹkan kan, G1 ní kó máa gé lọ tààrà níwọ̀n ìyára tí wọ́n dá fún un.

Àwọn ibùdó yìí ní ìwé àdéhùn kan tí gbogbo wọn jọ ń lò. Ó ní kí ilẹ̀kùn ṣí fún ará ìlú; kí ẹni tó ń lo ẹ̀rọ má ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn léṣe, kó má sì ba ẹ̀rọ jẹ́; kó gbá ilẹ̀ kó tó lọ; kó sì kọ ohun tó kọ́ sílẹ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i kà. Ọmọ iṣẹ́ tó ti fẹ́ ewìrì rí ní àgbẹ̀dẹ mọ àwọn òfin wọ̀nyí dáadáa, àfi èyí tó kẹ́yìn. Àgbẹ̀dẹ ayé àtijọ́ a máa fi àṣírí iṣẹ́ pamọ́ sínú ìdílé. Ti kọ̀ǹpútà yìí ní kí wọ́n tú u síta.

Ọmọ ìyá tó pínyà

Yíyà àti gígé tí kọ̀ǹpútà ń darí, ọmọ ìyá ni wọ́n. MIT, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan lẹ́bàá ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ni ìyá wọn. Ní 1952, wọ́n fi ẹ̀rọ kan han aráyé níbẹ̀ tó ń gbẹ́ irin nípa títẹ̀lé àṣẹ tí wọ́n fi ihò lu sára téèpù. Ní 1963, Ivan Sutherland fi Sketchpad gboyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ kan náà: ó ń fi gègé tó mọ ìmọ́lẹ̀ ya ìlà sójú kọ̀ǹpútà, ìlà sì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti tọ́ àwọn ọmọ méjèèjì. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú gba gígé. Ọ́fíìsì gba yíyà, pàápàá lẹ́yìn tí AutoCAD, sọ́fítíwíà ìyàwòrán, jáde ní 1982. Ayàwòrán-ilé pa rúlà tì, ó di onímọ́úsì, ṣùgbọ́n bébà náà ló ṣì ń gbé fún bíríkìlà.

Ìwọ̀nba ọ́fíìsì tó lówó ló kọ́kọ́ tún wọn pa pọ̀. Ọ́fíìsì Frank Gehry lo CATIA, sọ́fítíwíà tí ilé iṣẹ́ Dassault ti ilẹ̀ Faransé ṣe fún ọkọ̀ òfuurufú, láti fi kọ́ ère ẹja ńlá kan sétí òkun Barcelona ní 1992. Ohun tí wọ́n rí kọ́ níbẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé ìṣẹ̀m̀báyé Guggenheim ní Bilbao, tí wọ́n ṣí ní 1997, tí ògiri rẹ̀ ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Irú owó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́.

Ní 1998 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Neil Gershenfeld bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kan ní MIT tó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe lè ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ ohun gbogbo. Ó rò pé akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá ló máa wá, ṣùgbọ́n nǹkan bí 100 ló dé, ayàwòrán-ilé àti oníṣẹ́ ọnà sì pọ̀ nínú wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Kelly Dobson, ṣe àpò kan tí èèyàn lè pariwo sínú rẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ èrò láìsí ẹni tó máa gbọ́, kó wá tú ariwo náà sílẹ̀ nígbà tó bá délé. Kò sí ilé iṣẹ́ tó máa ṣe irú rẹ̀ tà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé Gershenfeld: ohun tí èèyàn ń wá ni agbára láti ṣe ohun tí kò sí lọ́jà.

Ní 2003, wọ́n gbé irú ẹ̀rọ tí kíláàsì náà ń lò lọ sí ibùdó ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní South End, Boston, lọ́dọ̀ Mel King, àgbà olóṣèlú aláwọ̀ dúdú tó ti du ipò méyọ̀ ìlú náà ní 1983. Ọdún kejì ni fab lab dé Gánà, ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ Takoradi. Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ò pẹ́ dé ibi àsè yìí.

Ilé tí wọ́n gé bí aṣọ

Ní Barcelona, IAAC, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ayàwòrán-ilé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2001, gbé fab lab wọ inú ọgbà rẹ̀ ní 2007. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n gbé Fab Lab House lọ sí ìdíje ilé tó ń lo agbára oòrùn ní Madrid: ilé onígi tó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, tí inú rẹ̀ rí bí ikùn ọkọ̀ ojú omi, tí ẹ̀rọ gé egungun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun ni àwọn tó wá wòran dìbò fún jù. Ní London, WikiHouse bẹ̀rẹ̀ ní 2011: wọ́n gbé àwòrán ilé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó bá rí ẹ̀rọ CNC lè gé pílàíwúùdù rẹ̀, kó sì tò ó. Kódà, ara ṣíìtì pákó kan náà ni wọ́n ti ń gé òòlù tí wọ́n fi ń gbá a wọlé.

Báwo ni èèyàn ṣe ń kọ́ iṣẹ́ yìí? Ètò tó gbajúmọ̀ jù ni Fab Academy, tó ń lọ láti oṣù kìíní títí di àárín ọdún. Gershenfeld ń kọ́ gbogbo ayé lẹ́ẹ̀kan náà lórí fídíò, akẹ́kọ̀ọ́ wà ní fab lab ìlú rẹ̀, iṣẹ́ tuntun sì ń wọlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan wà tí iṣẹ́ ibẹ̀ kò ju kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe nǹkan ńlá. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló máa ń mú ayàwòrán-ilé láàágùn.

Ohun tó máa kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ẹnu CNC rí róbótó, kò lè gé igun inú kó mú ṣáṣá. Bí ẹnu náà bá fẹ̀ tó mìlímítà mẹ́fà, igun kọ̀ọ̀kan yóò ti máa tẹ̀ róbótó láti mìlímítà mẹ́ta sí orí rẹ̀, pákó tó bá ní igun gidi yóò sì há síbẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá ni kí wọ́n gé etí kékeré kọjá igun. Ọgbọ́n kejì ni pé kí wọ́n tó ba odidi ṣíìtì jẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ gé pákó kékeré kan tó jọ òòyà, tí àlàfo eyín rẹ̀ ń yàtọ̀ síra díẹ̀díẹ̀: 17.4, 17.5, 17.6, wọ́n á sì kọ iye rẹ̀ sí abẹ́ eyín kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ki pákó bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wọlé pẹ̀lú ìgbájú kan, tí kò mì, òun ni wọ́n á lò. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀.

Nílé lọ́dọ̀ wa

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àjèjì ni kí ẹni tó ya ilé fọwọ́ kan iṣẹ́ ilé. João Baptista da Costa, ọmọ Àgùdà, ló kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní Èkó ní 1894, Sanusi Aka sì ni igbákejì rẹ̀ nídìí iṣẹ́. Ìdí iṣẹ́ ni wọ́n ti ń kọ́ ilé kíkọ́ nígbà náà, ọ̀gá ń ṣe é, ọmọ iṣẹ́ ń wò ó. Lórí yíyà, àwọn ọmọ wa ò kẹ́yìn lónìí: Olalekan Jeyifous, ọmọ Nàìjíríà tó fi Brooklyn ṣe ibùgbé, gba ẹ̀bùn Kìnnìún Fàdákà níbi ìpàtẹ àwọn ayàwòrán-ilé ní Venice ní 2023. Èyí tó ṣòro ni kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ti mọ sọ́fítíwíà AutoCAD àti Revit dunjú rí ẹ̀rọ tó máa bá a gé nǹkan.

Ìdáhùn kan wà ní Lome. Sénamé Koffi Agbodjinou, ayàwòrán-ilé ará Togo, dá WoeLab, irú ibùdó bẹ́ẹ̀, sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2012. Ní 2013, Afate Gnikou to ẹ̀rọ 3D kan jọ níbẹ̀ tó ń jẹ́ W.Afate. Ara ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ̀rọ ìdàwòrán àti kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti jù nù ló ti tú púpọ̀ nínú ẹ̀yà rẹ̀: mọ́tò tó ń yí bébà di mọ́tò tó ń ti ike. Kútọnu náà ní fab lab tirẹ̀, BloLab. Ẹni tó bá ti rìn dé Ọtígbà, ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà, mọ̀ pé irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ò wọ́n nínú àwókù wa.

Ṣé pílàíwúùdù lè wá di ilé wa? Ikán àti òjò á kọ́kọ́ dáhùn ìyẹn. Búlọ́ọ̀kù la ń gbé, àmọ́ búlọ́ọ̀kù náà ní móòdù. Ẹni tó bá lè fi CNC gé móòdù lè dá búlọ́ọ̀kù olójú ọnà tó ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé, tí kò sí irú rẹ̀ lọ́jà. Ó lè gé fírémù tí wọ́n ń da kọnkéré sí, tàbí ilẹ̀kùn olónà. Ohun tó le ni owó ẹ̀rọ, tó ń wọ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún dọ́là, àti iná: bí iná bá lọ nígbà tí ẹ̀rọ gé pákó débì kan, ó lè di pé kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ lórí ṣíìtì mìíràn.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí bá ti rí ihò tó gba pákó rẹ̀, kó fi ìṣó kan òòyà pákó tó fi dán an wò mọ́ ògiri, kó sì kọ ọjọ́ àti irú pákó sí i lára. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á bá a níbẹ̀, á mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣíìtì tuntun ló gbé wá, 18 náà ni wọ́n kọ sí i lára. Kó mú kálípà.