Tábìlì Télọ̀ àti Kọ̀ǹpútà Dìsáínà

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lọ́sẹ̀ tí ìnáwó ńlá kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ óò bá ọ̀gá níbi tó ti ń fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sára léèsì lórí tábìlì gbọọrọ. Lẹ́bàá fèrèsé, àwọn ọmọ iṣẹ́ ti dorí kodò: ọ̀kan ń pa etí ìró, èkejì ń ran bọ́tìnnì, àwọn mẹ́rin pagbo yí búbà kan ká, wọ́n ń lẹ òkúta wẹẹrẹ mọ́ ọrùn rẹ̀. Aṣọ tí wọn kò tíì gé wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Bí aṣọ bá pẹ́, ọ̀gá la máa ń bú pé ọwọ́ rẹ̀ ò yá. Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ọ̀gá lè yá, kó jẹ́ pé tábìlì rẹ̀ ni kò gba ju ọ̀pá méjì lọ, tó fi di pé kó tó tẹ́ aṣọ kan, yóò kọ́kọ́ ká òmíràn padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Àárín tábìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù ni ọjọ́ rẹ̀ ń bá lọ.

Ẹni tó bá mọ èyí ti mọ ìdajì ohun tó yẹ kó mọ̀ kó tó ra kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ dìsáìnì. Iṣẹ́ ọ̀hún ti gbòde láàárín wa. Káàdì ìpè, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú, báńnà tí a ń so mọ́ ẹnu géètì, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo wọn ti ń bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn òǹtẹ̀wé Ṣómólú. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń ṣe é ló ń lọ bá òbí wọn pé àwọn fẹ́ ra ẹ̀yà kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tò ó fúnra àwọn. Létí òbí, àṣejù ni. Nígbà tí èyí tí wọ́n ti tò tán wà lórí àtẹ ní Computer Village, n'Íkẹjà, kí ni ti wàhálà? Lójú tèmi, àwọn ọmọ náà ló jàre, bí wọ́n bá ṣáà ti mọ ohun tí wọ́n ń rà. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ló sábà máa ń wà lọ́kàn ẹni tó to kọ̀ǹpútà tà. Owó tó yẹ kó bá ohun tí dìsáínà nílò lọ á ti bá nǹkan mìíràn lọ.

Pé a tiẹ̀ lè ra prósẹ́sọ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan, ká ra mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń so mọ́, lọ́wọ́ òmíràn, kí méjèèjì sì bára mu, kì í ṣe ohun tó wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Lóṣù Kẹjọ ọdún 1981, IBM gbé kọ̀ǹpútà kan jáde ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà tó ti wà lọ́jà ni wọ́n fi tò ó: prósẹ́sọ̀ rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ Intel, Microsoft ló pèsè ètò tó ń darí rẹ̀, wọ́n sì tẹ ìwé tó ṣàlàyé bí inú rẹ̀ ṣe rí. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀yà tó bá a mu. Ní 1995, Intel gbé ìlànà ATX kalẹ̀, tó sọ bí mọ́dábọ́ọ̀dù ṣe máa tóbi tó, ibi tí ihò ìdè rẹ̀ máa wà, àti bí iná ṣe máa wọlé sí i. Ìlànà yẹn la ṣì ń lò títí dòní. Òun ló jẹ́ kí ọmọ tó wà n'Íbàdàn lè mú sùkúrú-díráfà kan ṣoṣo, kó to ẹ̀yà tó ti orílẹ̀-èdè bíi mẹ́rin wá pọ̀ lórí tábìlì ìjẹun.

Kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀yà kankan, iṣẹ́ ni ká kọ́kọ́ wò. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ mú báńnà ìsìnkú tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá níbùú, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lóòró. Bí dìsáínà bá ṣe é ní 72 píksẹ́lì sí íǹṣì kan, yóò jẹ́ 8,640 píksẹ́lì níbùú, 5,184 lóòró. Bí a bá sọ ọ́ dìpúpọ̀, ó sún mọ́ mílíọ̀nù 45 píksẹ́lì. Àwọ̀ mẹ́rin ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń pò pọ̀, báìtì kan fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà léyà kan, ìyẹn ìpele àwòrán kan, tó bá kún ojú báńnà yẹn yóò gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 179. Dìsáínà kì í sì í lo léyà kan. Àwòrán bàbá olóògbé wà lórí tirẹ̀, òjìji fìlà bàbá wà lórí òmíràn, òdòdó, ojú ọ̀run tó wà lẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fi yí orí bàbá ká. Bí mẹ́wàá nínú wọn bá kún ojú báńnà, ó ti ń lọ sí gígábáìtì méjì. Photoshop, ètò tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà, tún ń tọ́jú àwọn ìgbésẹ̀ àtẹ̀yìnwá, kí ẹ lè padà sẹ́yìn bí ọmọ olóògbé bá yí ọkàn padà. Windows fúnra rẹ̀ ń gba ààyè. WhatsApp tí oníbàárà ń gbà fi àwòrán ránṣẹ́ náà wà ní ṣíṣí.

Gbogbo èyí, orí tábìlì ló wà. RAM ni tábìlì yẹn: ohun tí ẹ ṣí sílẹ̀ tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lé ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, bí ẹ bá sì pa kọ̀ǹpútà, orí rẹ̀ á mọ́ féfé. Adobe tó ni Photoshop sọ pé gígábáìtì 8 ni ó kéré jù, wọ́n sì dámọ̀ràn 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ò ní gba ẹni tó fẹ́ fi dìsáìnì jẹun níyànjú pé kó ra ohun tó dín ní 16. Bó bá jẹ́ báńnà ńlá tàbí fídíò niṣẹ́ rẹ̀, kó lọ sí 32. Nítorí kí ni? Nítorí pé nígbà tí RAM bá kún, Photoshop á bẹ̀rẹ̀ sí í ká iṣẹ́ lọ sínú dísìkì, á tún máa lọ kó o padà. Ìgbà náà ni ẹ óò rí i tí àmì kékeré ń pòyì lójú mónítọ̀, tí máúsì ò gbọ́ràn mọ́, tí dìsáínà á ní prósẹ́sọ̀ òun ti gbó. Prósẹ́sọ̀ ò ṣẹ̀. Tábìlì ló kéré. Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń tajà kì í sábà sọ: RAM méjì tó jẹ́ 8 àti 8 sàn ju ẹyọ kan tó jẹ́ 16 lọ, torí ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù là fún un, bí ẹ bá sì fi ẹyọ kan síbẹ̀, ọ̀nà kan á ṣófo.

Ọ̀gá télọ̀ ni prósẹ́sọ̀. Prósẹ́sọ̀ òde òní ní ọ̀gá púpọ̀ nínú, tí wọ́n ń pè ní kọ́ọ̀, ibí sì ni wọ́n ti ń tan àwọn tí ò mọ̀ jẹ. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a ń ṣe nínú Photoshop, Illustrator àti CorelDRAW, kọ́ọ̀ kan tàbí díẹ̀ ló ń ṣe é. A kò lè fi ọ̀gá mẹ́rìndínlógún gé ọrùn búbà kan. Mẹ́fà tí ọwọ́ wọn yá á ṣe é ju mẹ́rìndínlógún tí ọwọ́ wọn falẹ̀ lọ. Tòkunbọ̀ tó ní prósẹ́sọ̀ Xeon àtijọ́ pọ̀ lọ́jà, àwọn tó ń tà á sì ń ka iye kọ́ọ̀ rẹ̀ bí ẹni ka oríkì. Fún ẹni tó ń ṣe fídíò tàbí tó ń fi prósẹ́sọ̀ yọ àwòrán 3D nínú ètò Blender, kọ́ọ̀ púpọ̀ wúlò. Fún ẹni tó ń ṣe káàdì àti báńnà, kì í ṣe ọjà rẹ̀.

Ẹ wo lẹ́tà tó gbẹ̀yìn orúkọ prósẹ́sọ̀ pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ Intel, tí F parí rẹ̀, kò ní gráfíìkì nínú. Bí ẹ ò bá ra gráfíìkì káàdì mọ́ ọn, mónítọ̀ á dúdú kirikiri ni. Lọ́dọ̀ AMD, Ryzen 5 5600 ò ní, Ryzen 5 5600G ní. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni.

Gráfíìkì káàdì ni àwọn ọmọ iṣẹ́ tó pagbo yí búbà ká. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè gé aṣọ bí ọ̀gá, ṣùgbọ́n bó bá di òkúta ẹgbẹ̀rún kan tí a fẹ́ lẹ̀, wọ́n á ti parí kí ọ̀gá tó bẹ̀rẹ̀. Nínú RTX 3060 tí NVIDIA gbé jáde ní 2021, irú ọmọ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ 3,584, tí gbogbo wọn ń ṣe ìṣirò kéékèèké lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá jẹ́ 3D, fídíò tàbí àwòrán tí AI ń yà niṣẹ́ yín, ibẹ̀ ni kí ẹ náwó sí, ẹ sì lọ sọ́dọ̀ NVIDIA, torí CUDA, ètò rẹ̀ tó ti wà láti 2007, ni ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ wọ̀nyí gbára lé. Ẹ bèèrè iye RAM tó wà lórí káàdì náà fúnra rẹ̀. RTX 3060 onígígábáìtì 12 wà. RTX 4060 tó dé ní 2023 yá jù ú lọ, ṣùgbọ́n 8 ló ní. Bí àwòrán 3D yín bá wúwo ju 8 lọ, iṣẹ́ lè falẹ̀ tàbí kó kọ̀ pátápátá, káàdì àtijọ́ á sì gbé e. Ṣùgbọ́n fún káàdì ìpè àti lógò, gráfíìkì tó wà nínú prósẹ́sọ̀ tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè ra káàdì lọ́dún tó ń bọ̀.

Dísìkì ni kọ́bọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀. Háàdì dísìkì ń kó nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 150 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, SSD oní-SATA ń kó nǹkan bíi 550, SSD oní-NVMe ń kó 3,500 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. NVMe ni kí Windows àti iṣẹ́ ọwọ́ yín wà lórí rẹ̀. Háàdì dísìkì wà fún iṣẹ́ ọdún tó kọjá. Ti mọ́dábọ́ọ̀dù ni pé kí ihò prósẹ́sọ̀ bá a mu: prósẹ́sọ̀ AMD tó jẹ́ ti ihò AM4 ò wọ ihò AM5 tó dé ní 2022, RAM DDR4 ò sì wọ ihò DDR5 láéláé. Ẹ ka ohun tó wà lára páálí kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀yà tí wọ́n máa ń sọ di ẹ̀yìn ni páwà sọ́pláì, torí kò sẹ́ni tó ń fi í yangàn. Òun ló ń gba fóòtì 230 láti ara ògiri, tó ń sọ ọ́ di 12, 5 àti 3.3 tí ẹ̀yà inú lè gbà. Bí ó bá bàjẹ́, ó lè mú mọ́dábọ́ọ̀dù dání lọ. Ìṣirò rẹ̀ ò le: prósẹ́sọ̀ tó jẹ́ wáàtì 65, RTX 3060 tó jẹ́ 170, kí á fi 100 kún un fún ìyókù, ó jẹ́ 335. Ẹ ra 550 tàbí 650 tó ní àmì 80 Plus, èyí tó túmọ̀ sí pé ó kéré tán, 80 nínú 100 iná tó gbà ló ń dé ibi iṣẹ́. Ẹni tó ń fi ínfátà ṣiṣẹ́ mọ bí èyí ti ṣe pàtàkì tó. Àwọn páwà tó máa ń bá kéèsì olówó pọ́ọ́kú wá, tí wọ́n kọ 500 sí lára, ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Ẹ fi UPS sí i, kí ẹ lè ráyè fi iṣẹ́ pamọ́ bí wọ́n bá mú iná lọ. Kí iwájú kéèsì jẹ́ oníhò wẹẹrẹ, kó ní àsẹ́ eruku tí a lè yọ fọ̀ lásìkò ọyẹ́: prósẹ́sọ̀ tó bá gbóná dé nǹkan bíi 95 sí 100 lórí ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì á dín ọwọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kù fúnra rẹ̀.

Mónítọ̀ ló dùn mí jù, torí òun ni ọ̀pọ̀ ń fi ṣẹ́ńjì tó kù rà. Télọ̀ tó mọṣẹ́ kì í yan òwú fún léèsì lábẹ́ gílóòbù. Á gbé e jáde sínú oòrùn, á fi òwú lé e, á yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ojú tí dìsáínà fi ń yan àwọ̀ ni mónítọ̀. Èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní TN, bí ẹ bá gbórí sókè díẹ̀, àwọ̀ á yí padà. Búlúù tí ẹ rí kì í ṣe búlúù tí oníbàárà tó dúró lẹ́yìn yín rí. Ẹ ra irú tí wọ́n ń pè ní IPS, kí ẹ sì bèèrè iye tó kájú nínú sRGB, ìlànà àwọ̀ tí HP àti Microsoft gbé kalẹ̀ ní 1996. Bí kò bá tó 95 nínú 100, ẹ fi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù. Mónítọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù ló ń fà á tí ojú olóògbé fi ń dán lórí kọ̀ǹpútà, tó sì ń jáde dúdú lórí ìwé ètò, tí ìjà á bẹ̀rẹ̀ láàárín dìsáínà àti òǹtẹ̀wé. Àwọn búlúù àti àwọ̀ ewé kan wà tí iná mónítọ̀ lè gbé jáde tí yíǹkì ìtẹ̀wé ò lè gbé jáde rárá, àní lórí mónítọ̀ tó dára jù. Ẹ tẹ ẹyọ kan wò kí ẹ tó tẹ ẹgbẹ̀rún.

Bí owó ò bá tó gbogbo rẹ̀, ìdájọ́ tèmi nìyí fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé: mónítọ̀ gidi, RAM tó tó, NVMe, páwà tó ṣeé fọkàn tán, kí prósẹ́sọ̀ alábọ́ọ́dé tẹ̀ lé wọn, kí gráfíìkì káàdì kẹ́yìn. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi owó ọmọ ra àpótí tó ń tan iná aláwọ̀ méje. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kó fáìlì yín tó wúwo jù sórí fláàṣì, kí ẹ mú un lọ sọ́jà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n tan kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ ṣí fáìlì yín lórí rẹ̀, kí ẹ ṣiṣẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Bí ọlọ́jà bá kọ̀, ẹ mú owó yín, kí ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.