Dọ́gba: Láàárín Ta àti Ta?

Ní ọjà Kétu tàbí ti Ṣábẹ̀ẹ́, bí ìyá alágbàdo bá ń wọn ọjà fún oníbàárà méjì, ojú àwọn méjèèjì kì í kúrò lára igbá ìwọ̀n. Bí ti ẹni àkọ́kọ́ bá kún gègèrè, tí ti ẹnì kejì sì mọ sí etí igbá, ariwo dé nìyẹn. “Ìyá, kò dọ́gba o!” Ìyá náà yóò bu díẹ̀ sí i, kí ó lè mú un dọ́gba.

Ohun kan ṣoṣo kò lè dọ́gba. Ó di ìgbà tí ó bá ní èkejì. Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn ni ó ṣe é, a ó sọ pé ó mú wọn dọ́gba. Ìdọ́gba ni orúkọ ohun náà. Bí a bá pín nǹkan láìsí ìrẹ́jẹ, a ó ní a pín in ní ọgbọọgba.

Àwọn tí ó ń kọ́ ìṣirò mọ àmì ìdọ́gba, èyí tí ó ní ìlà kéékèèké méjì: 3 + 3 = 4 + 2. Ẹ wò ó dáadáa. Apá ọ̀tún kò jọ apá òsì, síbẹ̀ 6 ni iye ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ohun méjì lè dọ́gba láìjọra.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù ni ìdí ogún. Ká sọ pé bàálé kan kú, ó fi ewúrẹ́ 24 sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ìyàwó méjì ni ó ní. Ìyàwó àgbà bí ọmọ 1, ìyàwó kékeré bí ọmọ 3. Ọ̀nà méjì ni àwọn Yorùbá ti ń pín irú ogún bẹ́ẹ̀ láti ìgbà pípẹ́.

Èkínní ni ìdí-igi. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan ni ìdí igi kan. Ewúrẹ́ 12 yóò lọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó àgbà bí. Àwọn ọmọ 3 yòókù yóò pín 12, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gba 4. Èkejì ni orí-ò-jorí, nítorí pé orí ẹnì kan kò ju orí ẹnì kejì lọ. Níbẹ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò gba 6.

Àwọn tí ó pín in ní ìdí-igi lè búra pé àwọn pín in dọ́gba. Àwọn tí ó pín in ní orí-ò-jorí lè búra bákan náà. Kò sí ẹni tí ó purọ́. Àwọn kan mú ìyàwó dọ́gba, àwọn kan mú ọmọ dọ́gba.

Ṣùgbọ́n ní ilé mìíràn, wọn kì í ka ọmọbìnrin rárá. Wọ́n á ní ilé ọkọ ni yóò lọ. Bí 2 nínú àwọn ọmọ 4 náà bá jẹ́ obìnrin, àwọn ọkùnrin 2 yóò gba ewúrẹ́ 12 - 12, wọn yóò sì sọ pé àwọn pín in dọ́gba.

Òfin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kò fara mọ́ èyí. Òfin ìpìlẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990 sọ ní abala 26 pé ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba ní ẹ̀tọ́. Òfin nípa ènìyàn àti ẹbí, ti ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 2004, wá là á mọ́lẹ̀ pé ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin yóò pín ogún àwọn òbí wọn ní ọgbọọgba, ìyá yòówù kí ó bí wọn.

Àwọn kan a máa fi òwe dáhùn pé ìka kò dọ́gba. Òótọ́ ni òwe náà: agbára, ọjọ́ orí àti ọgbọ́n ènìyàn kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n igbá ìwọ̀n kì í béèrè bóyá oníbàárà ga tàbí ó kúrú, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin.

Nítorí náà, bí ẹbí bá sọ pé, “A ti pín in dọ́gba,” ó yẹ kí ènìyàn béèrè pé, “Láàárín ta àti ta?” Ẹni tí ó ti mọ ìwé kà lè ka orúkọ tí ó wà nínú ìwé ìpín náà fúnra rẹ̀, kí ó sì ka iye wọn, kí ó tó tẹ ìka sí i.